Àsìkò Tó Dé Tí Kò Pé: Ọ̀fọ̀ Bàbá Nínú Ìwòrì Méjì

Àbọrú, àbọyè o.

Ẹ̀yin àgbà awo tí ẹ jókòó lókè, ẹ̀yin Ìyánífá, ẹ̀yin apẹ̀tẹ̀bí, ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ wà lórí ẹní níwájú wa, ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti Fìdítì, Ìlọrà, Akínmọ̀ọ́rìn àti Awẹ́ wá bá wa ní Ìwàrè, àti ẹ̀yin olólùfẹ́ àṣà tí ẹ kò tẹ Ifá ṣùgbọ́n tí ẹ kì í jẹ́ kí ọdún wa kọjá láìfojú kàn wá, a kí yín kú ọdún, a kú ìyèdún. Bí a ti wí pé àbọrú àbọyè, gbogbo yín ni ẹ dáhùn pé àbọṣíṣẹ. A gbọ́ ọ, inú wa sì dùn. Ẹ fi ìkíni náà sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dúró lé. Ẹnìkan ni ó kọ̀ láti kí i nígbà kan, ọ̀nà òjò sì ti ibẹ̀ dàrú.

Àwọn ìgbìmọ̀ ọdún ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí ewì ṣe ń fi ìyípadà àsìkò, òjò sí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀rùn sí òjò, wo inú ọ̀fọ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà pọ̀. Àwọn ọdẹ ní ìrèmọ̀jé tí wọ́n ń sun nígbà tí ọdẹ bá papò dà. Àwọn eléégún ní ẹ̀sà. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ẹkún ìyàwó. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ń sun ún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́tí sí i dáadáa yóò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀fọ̀ ilé bàbá tí ọmọ ń fi sílẹ̀. A kò kóyán ọ̀kankan nínú wọn kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní oko kì í lọ ra ewé nínú oko ẹlòmíràn. Inú Ifá ni a ti mú tiwa: ẹsẹ kan nínú Ìwòrì Méjì, èyí tí ó sọ̀rọ̀ Ọ̀rúnmìlà àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé lè rí i nínú iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn àkójọ ẹsẹ Ifá jáde lábẹ́ àkọlé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní ọdún 1968. Àwa kò kọ́ ọ nínú ìwé. Orí ẹní ni a ti kọ́ ọ, ní òru, pẹ̀lú oorun lójú àti ẹ̀rù lọ́kàn, nítorí pé olùkọ́ wa kì í wí ohun kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó sì ti wà lẹ́nu awo Ìwàrè lè yàtọ̀ díẹ̀ sí bí ó ti wà lẹ́nu awo ìlú mìíràn. A kò ní kì í ní orí ìjókòó yìí. Kíkì ní àyè tirẹ̀, àyè náà sì ń bọ̀ lóru òní nígbà tí àwọn ọmọ awo bá jókòó yí ká. Ohun tí a fẹ́ ṣe nísinsìnyí ni kí a tú u wò, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti í tú ẹrù tí ó ti ń rù láti kékeré láìmọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ìtàn náà kò gùn. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì di ẹni ńlá. Alárá wà nínú wọn, Ajerò wà nínú wọn, Ọwáràngún wà nínú wọn. Ọlọ́wọ̀ ni àbíkẹ́yìn. Bàbá ń ṣe ọdún, ó ránṣẹ́ pe gbogbo wọn. Bí olúkúlùkù ti ń wọlé, ó ń kí bàbá ní ìkíni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yín yìí, ó sì ń jókòó. Ó kan Ọlọ́wọ̀. Ọlọ́wọ̀ dúró ṣánṣán. Bàbá bi í pé kí ló dé tí kò kí òun. Ó ní irú aṣọ tí bàbá wọ̀ wà lọ́rùn òun náà, ọ̀pá tí ó wà lọ́wọ́ bàbá wà lọ́wọ́ òun, bàtà tí bàbá bọ̀ wà lẹ́sẹ̀ òun, adé wà lórí òun, orí tó sì dé adé kò yẹ kó tẹ̀ ba fún ẹlòmíràn. Ọ̀rúnmìlà kò bá a jiyàn. Ó gba ọ̀pá òsùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bínú, ó sì kọrí sí òde ọ̀run.

Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń dúró. A ó yí padà sí àwọn ọmọdé, a ó ní, ẹ rí ohun tí àfojúdi fà. Àwa náà ti fi ẹsẹ yìí na ọmọ ènìyàn rí, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ìwà nìkan ni Ifá fẹ́ kọ́ wa, ìtàn náà ì bá ti parí sórí Ọlọ́wọ̀. Kí ó ya arọ, kí ó pàdánù adé, kí a sì máa bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ifá kò tún dárúkọ ẹ̀bi Ọlọ́wọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí bàbá ti lọ. Àwọn ọmọ méje tí wọ́n kí bàbá dáadáa, ìyà kan náà ni òun àti wọn jọ jẹ. Aboyún tí kò sí níbi ọdún náà rárá, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jẹ nínú rẹ̀. Níbi tí a bá ti rí i pé ìyà kò mọ ẹlẹ́ṣẹ̀ yàtọ̀ sí aláìṣẹ̀, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ìdájọ́, ó ti di ọ̀fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá lọ. Ibí ni ewì náà ti nípọn jù, ibí ni a ó sì ti dúró pẹ́ jù.

Ẹsẹ náà kò sọ pé àwọn ọmọ sunkún. Kò sọ pé wọ́n fá irun, tàbí pé wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀, tàbí pé wọ́n kọ oúnjẹ. Kò sí omijé kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ojú ọjọ́ ni ó fi hàn wá. Àwọn tí wọ́n lóyún kò bímọ. Àwọn aláìsàn wà lórí ẹní, wọn kò kú, wọn kò sì dìde. Àwọn odò kéékèèké fi ewé gbígbẹ bora. Ara ọkùnrin gbẹ, nǹkan oṣù obìnrin kò wá. Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ta nínú ebè, ó dúró sí kékeré. Àgbàdo yọmọ, ọmọ náà kò gbó. Òjò kán, ṣùgbọ́n ó kán lẹ́yọ lẹ́yọ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ fi ń sáré ṣa ẹ̀kán rẹ̀ nílẹ̀. Ewúrẹ́ rí abẹ tí a pọ́n sílẹ̀, ó sì gbé e jẹ.

Ẹ kíyèsí i pé Ifá kò wí pé àsìkò dúró. Ènìyàn tí kò rí ọ̀fọ̀ rí lè rò pé nígbà tí ènìyàn ńlá bá kú, ayé á dúró sójú kan. Kì í dúró. Oyún wà nínú obìnrin, èyí ni pé oṣù ń pé. Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ta, èyí ni pé a gbìn ín lákòókò, ó sì hù. Àgbàdo yọ ọmọ, èyí ni pé ó ti lo nǹkan bí oṣù méjì nínú ilẹ̀. Kódà òjò rọ̀. Gbogbo nǹkan ń dé, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó ń pé. Èyí ni àwa rí gẹ́gẹ́ bí ọkàn ẹsẹ yìí. Ọ̀fọ̀ kì í dá ọjọ́ dúró. Gbígbó ni ó ń gbà lọ́wọ́ ọjọ́. Ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ ń jí láàárọ̀, ó ń lọ sí oko, ó ń ná ọjà Fìdítì, ó ń rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò. Àsìkò òjò wọlé fún un bó ti wọlé fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fọwọ́ wa inú ebè ọkàn ara rẹ̀, ohun tí yóò bá níbẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ.

Ẹ tún wo ọ̀nà tí ewì náà gbà rìn. Inú ara ènìyàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó jáde sí etí odò, ó tún padà sínú ara, ó wá gba oko lọ, ó gbójú sókè sí òjò, ó sì parí sí àgbàlá, níbi tí adìyẹ àti ewúrẹ́ wà. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, a rò pé rúdurùdu ni, pé àwọn àgbà kàn kó wàhálà jọ ni. Ó pẹ́ kí ó tó yé wa. Nǹkan oṣù obìnrin, àsìkò ni. Orúkọ tí a ń pè é ti sọ ọ́: nǹkan oṣù. Ara obìnrin ní òjò tirẹ̀ àti ẹ̀ẹ̀rùn tirẹ̀, ní ìwọ̀n ọjọ́ tí òṣùpá ń gbà. Nítorí náà, nígbà tí ewì náà ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ara àti oko, ohun kan náà ni ó ń wí. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ebè àti ikùn. Ọ̀dá kan náà ló mú àwọn méjèèjì.

Ti odò yẹn, àwa tí a ń gbé agbègbè yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti nǹkan bí oṣù Bélú ni ọyẹ́ ti ń dé bá wa. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yóò wá láti òkè, eruku yóò bo oòrùn, ètè yóò máa là. Igi àràbà yóò gbọn ewé rẹ̀ sílẹ̀, igi tíìkì tí wọ́n gbìn káàkiri yóò di ọ̀pá lásán. Àwọn odò kéékèèké tí a ń bu omi nínú wọn yóò dákẹ́, ewé yóò sì bò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò lè tẹ orí omi láìmọ̀ pé odò ni. Ifá rí i, ó sì pè é ní wíwọ aṣọ. Odò wọ aṣọ ewé gbígbẹ. Nínú gbogbo ẹsẹ náà, ibẹ̀ nìkan ni a ti gbọ́ ohun tó jọ aṣọ ọ̀fọ̀, kò sì sí lára ènìyàn kankan. Omi ni ó wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá opó gbé nínú ilé kan náà yóò mọ bí ó ti rí: omi ṣì wà lábẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rí i.

Ti adìyẹ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1983. Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà kò gbàgbé. Ọ̀dá ọdún náà kì í ṣe ti ìlú kan. Ó mú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ní Gánà, iná oko jó kòkó àti oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ebi ọdún náà fi di ìtàn. A jókòó ní ìloro, a ń wo ojú sánmà. Ó ṣú, ó sán, a sì kó àwo síta. Ẹ̀kán ńlá ńlá mélòó kan bọ́ sínú eruku, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá ihò kékeré, eruku sì ká a mọ́ra bí ìgbà tí a fi ìyẹ̀fun bo nǹkan. Àwọn adìyẹ sáré wá. Wọ́n rò pé àgbàdo ni a dà sílẹ̀. Wọ́n ṣa á, ó sì tán. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ẹsẹ yìí kò fi ọkàn lásán hun ún. Ó ti jókòó ní irú ìloro bẹ́ẹ̀ rí.

Ewúrẹ́ àti abẹ ni ó máa ń pa àwọn ọmọ awo lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ní ẹ̀rín nínú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó pọ́n abẹ sílẹ̀ tí ó gbàgbé rẹ̀? Ta ni ó yẹ kó lé ewúrẹ́? Ilé tí ọ̀fọ̀ wà, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni í máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. A ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹran síta. Ọmọ yóò sún mọ́ iná tí kò sí ẹni tí yóò kígbe. Àwọn àjálù kékeré tí ń tẹ̀lé àjálù ńlá ni Ifá fi parí àkójọ rẹ̀, lẹ́yìn oyún àti òjò, ó sì yà wá lẹ́nu pé ó rí wọn.

Ọmọ wa kan tí ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sọ ìtàn kan fún wa nígbà tí a ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní òrìṣà obìnrin kan tí ń jẹ́ Demeter, ẹni tí ó ni ọkà. Hades, ọba ọ̀run wọn, jí ọmọbìnrin rẹ̀ Persephone gbé. Ìyá bọ́ sínú ọ̀fọ̀, ó kọ̀ láti jẹ́ kí irúgbìn hù, ebi sì fẹ́ pa gbogbo ènìyàn. Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn, ní kí wọ́n dá ọmọ náà padà. Ṣùgbọ́n ọmọ ti jẹ èso kan lọ́hùn-ún, nítorí náà, ó di dandan kí ó máa lo ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, kí ó sì wá lo ìyókù lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bí ó bá lọ, ilẹ̀ á gan. Bí ó bá bọ̀, ewéko á hù.

A tẹ́tí sí i, a sì mi orí. Ìtàn náà dára, ó sì fi hàn pé kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti fi ọ̀dá ṣe ẹnu ọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí òun àti tiwa ti yapa ni ó wù wá jù. Persephone ń padà wá. Lọ́dọọdún ni ìyá rẹ̀ ń rí i. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ ní òpin àti ìbẹ̀rẹ̀ bí òjò ti ní. Ọ̀rúnmìlà kò padà. Àwọn ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, Ọlọ́wọ̀ pẹ̀lú wọn, kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá a ní ẹsẹ̀ ọ̀pẹ ńlá kan tó ya orí mẹ́rìndínlógún. Wọ́n kì í, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó wá sílé. Ó ní òun kò lọ. Kí wọ́n na ọwọ́. Ó sì kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n bá délé, ohunkóhun tí wọ́n bá ń fẹ́, owó, aya, ọmọ, ilé, ikin náà ni kí wọ́n máa bi.

Bí a ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ wa, Ifá sọ pé wọ́n délé, wọ́n sì rí ire tí wọ́n ń wá. Kò padà lọ ka àkójọ náà ní ẹyọ ẹyọ fún wa. Kò wí pé odò bọ́ aṣọ ewé rẹ̀, kò wí pé adìyẹ padà lẹ́yìn òjò. A ti bi olùkọ́ wa léèrè rí pé kí ló dé. Ó ní, “Ìwọ́ lọ wo oko ní oṣù Igbe.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ti lọ wò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí a rí ni pé òjò tí ó tẹ̀lé ọ̀dá kì í mú iṣu ọdún tó kọjá gbó. Èyí tó kú nínú ebè ti kú. A ó hú ebè náà, a ó tún un kọ, a ó gbin òmíràn. Bóyá ìdí nìyí tí ẹsẹ náà kò fi padà sórí àwọn nǹkan tó bàjẹ́. Wọn kò gbó títí láé. Nǹkan tuntun ni ó hù, lórí ilẹ̀ kan náà.

Ẹ sì wo igi tí ikin ti wá. Nínú gbogbo igi tí bàbá lè dúró sí ìdí rẹ̀, ọ̀pẹ ni. Àràbà ń wọ́wé, ìrókò ń wọ́wé. Ọ̀pẹ kì í wọ́wé nítorí ọyẹ́. Nígbà tí gbogbo igbó bá pọ́n bí ẹyin iná, ọ̀pẹ yóò dúró ní tútù láàárín rẹ̀. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò gan-an ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù lórí rẹ̀. Láti ara igi tí kò mọ àsìkò ni Ọ̀rúnmìlà ti mú ohun tí ó fi rọ́pò ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí àsìkò ti dàrú mọ́ lọ́wọ́. Ikin kì í rà. Ẹ bọ ọwọ́ sínú àpò Ifá yín, ẹ fi ìka kàn án. Ohun tí ọmọ mẹ́jọ gbà dípò bàbá nìyẹn.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni egúngún ń ṣe? Ṣebí àwọn bàbá wa ń padà wá lọ́dọọdún? Wọ́n ń padà wá, a sì ń kúnlẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ará ọ̀run, àlejò ni lọ́dọ̀ wa. Ó ń wá ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ń súre, ó sì ń lọ. Kò jókòó lórí àga rẹ̀, kò bá wa jẹun alẹ́. Egúngún àti Ifá kò ta ko ara wọn. Àìní méjì ni wọ́n ń tọ́jú. Egúngún ń fi hàn wá pé bàbá wà. Ifá ń kọ́ wa bí a ó ti ṣe gbé ilé tí bàbá kò sí.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan, nítorí pé òun ni ó sọ ẹsẹ yìí di tiwa. Nígbà tí a ti gba àṣẹ tán, tí a sì ti ń dá Ifá fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan ṣe bí ọ̀rọ̀ láàárín àwa àti olùkọ́ wa. Ọ̀rọ̀ owó ni. Kò tó nǹkan. A rò pé àwa náà ti ní ọ̀pọ́n, a ti ní òsùn, a ti ní ọmọ awo tiwa. Láti ìgbà tí iṣu tuntun jáde títí tí wọ́n fi wú iṣu ìkẹyìn, a kò gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Ọyẹ́ dé. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí oòrùn tó yọ, ọmọ rẹ̀ kan wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó dọ̀bálẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. A mọ̀. A ti ki ẹsẹ Ọlọ́wọ̀ ní àìmọye ìgbà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, òjò rọ̀ dáadáa ní Ìwàrè, gbogbo àgbẹ̀ ni inú wọn dùn. Àwa nìkan ni a ń ṣa òjò bí adìyẹ.

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ìlú ńlá gba ilé, wọ́n gba oko, wọ́n sì ta ọ̀kadà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi Ifá léèrè nípa ikin rẹ̀, bóyá kí ó bá a wọlẹ̀ ni tàbí kí ẹnìkan gbà á. A bá a lẹ́yìn àká, nínú igbá tí ó ti là, òjò ti wọ̀ ọ́. A kò bínú sí wọn. Ìgbàgbọ́ mìíràn ni wọ́n ń ṣe, a sì ti sọ fún wọn pé ikin ni. Wọ́n ní ekùrọ́ lásán ni. Òótọ́ ni pé ekùrọ́ ni. A kó o, a fọ̀ ọ́, a bi í, ó sì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun fẹ́ máa gbé. Ó wà lọ́dọ̀ wa títí di òní.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé irú rẹ̀ pọ̀ ní Afijió. Babaláwo kan kú, ọmọ kò mọ ohun tí yóò ṣe sí àpò bàbá, ẹ̀rù ń bà á láti jù ú nù, ẹ̀rù sì ń bà á láti gbé e wọlé. Ó ń fi í sórí pẹpẹ, sábẹ́ ibùsùn, sínú báńbà tí a kó aṣọ àtijọ́ sí. Àwọn kan ti jó o níná. Àwọn kan tà á fún àwọn tí ń ra ohun àtijọ́. A ti gbọ́ tí àwọn awo ẹgbẹ́ wa ń fi ohùn líle bá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wí, a sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Ọmọ tí ó pa àpò bàbá rẹ̀ mọ́ sábẹ́ ibùsùn fún ogún ọdún láìmọ ìdí, ó ń ṣọ̀fọ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti di nǹkan náà mú, ẹnu rẹ̀ ni kò tí ì mọ ohun tí yóò bi í.

Nítorí náà, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan, wọ́n sì ní kí a kéde rẹ̀. Láti ọ̀la títí tí ọdún yóò fi parí, ẹnikẹ́ni tí ikin bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá wà nílé, ìbáà jẹ́ oníṣẹ̀ṣe, Mùsùlùmí tàbí Ọmọlẹ́yìn Kírísítì, kí ó gbé e wá sí ojúbọ. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní bi í nípa ẹ̀sìn rẹ̀, a kò sì ní sọ fún un pé kí ó tẹ Ifá. A ó fọ ikin náà níṣojú rẹ̀, a ó bi í léèrè ibi tí ó fẹ́ máa gbé, bí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ẹsẹ tí ó jáde, a ó kì í fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó mú omi tútù díẹ̀ dání, kí ó sì rántí orúkọ ẹni tí ó ni ín.

Iṣu tuntun ti wà nílẹ̀ nínú agbọ̀n, a kò tí ì fi ọ̀bẹ kàn án. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni a ó gé e.